Ẹ Jẹ́ N Fẹnu Mi Jẹun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè orúkọ mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé oníbúrẹ́dì ni mí ní Kétu, àti pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ọmọ tí mo bí. Ìdí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, wọ́n máa bi mí ní ìbéèrè kan ní téṣàn ọlọ́pàá, ẹni tí mo ṣẹ̀ á sì jókòó tì mí.

Gàní ni wọ́n ń pe ẹni náà. Òun ló ń ṣọ́ ààrò fún mi. Láti ìgbà tó ti ti Ìsẹ́yìn dé ló ti wà lọ́dọ̀ mi, búrẹ́dì kì í jóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń kólòlò. Tó bá fẹ́ pè mí ní Mummy, á máa lọ ní "Mu-mu-mu". Màá ní, "Gàní, ta lo ń pè ní múmù?" Àwa méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín títí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọmọ kan máa ń já báàgì gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń lọ ra tòmátì ní Mile 12 ní ìdájí. Gàní ti sáré lé wọn rí, tòun ti ìyẹ̀fun lára. Nígbà tí téṣàn wá ní àwọn ń wá àwọn tó máa yọ̀ǹda ara wọn ṣe ọlọ́pàá ládùúgbò, tí wọ́n á ṣì máa bá iṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ, inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n máa fún òun láyè lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́sẹ̀.

Mo gbà. Ojú gbogbo òṣìṣẹ́ mi ni mo ti gbà. Mo tún ra bàtà dúdú fún un. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, Gàní dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀, orí mi sì wú.

Àmọ́ nígbà tó ku èmi nìkan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ta ló máa dúró ti ààrò lásìkò ọdún, nígbà tí gbogbo ayé ń wá búrẹ́dì, tí àwọn ọlọ́pàá pẹ̀lú sì ń wá èèyàn? Mo ń sọ fún ara mi pé ẹ̀rù ló ń bà mí, kí wọ́n má lọ ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, mo fẹ́ràn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún parọ́ lé e: búrẹ́dì mi ni mò ń rò jù.

Ọ̀gá ọlọ́pàá kan wá bi mí nípa ìwà rẹ̀. Mo ti rán Gàní níṣẹ́ lọ sí Ọjọ́tà. Mo fún ọ̀gá náà ní mínírà àti búrẹ́dì gbígbóná. Ó ní, "Mummy, ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún Gàní yìí?"

N kò ní olè ni. N kò ní ọ̀lẹ ni. Mo kàn mi orí, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fẹnu mi jẹun."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá ló gbé mì. Ọ̀gá náà wò mí, ó ní, "Ó ti yé mi, Mummy." Ó gbé búrẹ́dì rẹ̀, ó lọ. Mo wá ń tan ara mi pé n kò ṣáà parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n pe àwọn yòókù tó yọ̀ǹda ara wọn, wọn ò pe Gàní. Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó ní, "Mu-mummy, ẹnu mi yìí ni. A-akólòlò ò lè ṣe ọlọ́pàá." Èmi ọ̀dájú yìí, mo fọwọ́ pa á lórí, mo ní, "Má sunkún. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Ó ní èmi nìkan ni mo dúró ti òun láyé yìí. Hàà! Mo sáré wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn.

Láti ìgbà náà ni kì í ti í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Tí oníbàárà bá bi í ní nǹkan, á kàn nawọ́ sí mi. "Mà" nìkan ló ń pè mí, kí ahọ́n má baà dá a dúró. Ọwọ́ mi ni mo fi ba ẹ̀rín wa jẹ́.

Ní báyìí, téṣàn tún ń wá èèyàn. Wọ́n ní kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ kálukú bá a wá, kó wá sọ irú ẹni tó jẹ́. Gàní ní èmi lòun ń mú lọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá ọjọ́sí ló sì ṣì wà níbẹ̀. Tí mo bá yin Gàní, ó lè ní, "Mummy, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ká jẹ́ kẹ́ ẹ fẹnu yín jẹun?" Tí n kò bá sì lọ, wọn ò ní gbà á. Màá lọ. Kò sí iyèméjì nínú ìyẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ibẹ̀ gan-an ni mi ò ti mọ ọ̀nà. Tó bá gbọ́ tó sì fi mí sílẹ̀, mo jẹ̀bi. Kó má kàn kórìíra mi ni mo ń bẹ Ọlọ́run.

Lánàá, ó mú bàtà yẹn wá bá mi. Inú láílọ́ọ̀nù ló tọ́jú ẹ̀ sí látọjọ́ náà, kò tíì wọ̀ ọ́ rí. Ó ti kùn ún, ó ń dán. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Mu-mu-mu-mummy," ó ní, "a-akólòlò fẹ́ẹ́ pe baba."

Ó dúró, ó ń wo ẹnu mi, kí n bi í bíi tàtijọ́ pé ta ló ń pè ní múmù. N ò lè bi í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di Mọ́ńdè. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé kì í ṣe ẹnu tiẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ kọ̀ ọ́, pé ẹnu tèmi ni?