Ohùn Bàbá Àbíkẹ́yìn

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹ̀mí tó bọ́. Dókítà ti yẹ̀ mí wò títí, ó ti dákẹ́, mo sì mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ oníṣègùn ń wí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Mò ń bá yín kọrin, mò ń ṣe àmín àdúrà yín, irọ́ sì wà lábẹ́ ahọ́n mi.

Gbogbo yín mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Aránṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi gbé kọ̀ǹpútà olóògbé ọkọ rẹ̀ wá, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, tẹ̀lé e, ó ń wolẹ̀. Ìyá ní, "Ẹ̀ńjìníà, ẹ gbà mí o. Kò tàn mọ́. Ọmọ yìí ló fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri níbi tó ti ń kánjú gbálẹ̀. Látìgbà náà, ó kàn ń ké bí òròmọdìẹ ni." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Aláìsàn tó ń ké kò tíì kú." Ó ní, "Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ohùn bàbá wọn wà nínú rẹ̀." Ó wá ṣàlàyé fún mi. Àrùn ọ̀fun ló pa ọkọ rẹ̀. Kí ohùn rẹ̀ tó lọ pátápátá, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó súre fún àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí gbogbo ọmọ bá pé jọ ni ìyá ń dúró dè.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo tan án. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta: pí, pí, pí. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ wa mọ ohun tí igbe yẹn ń wí: mẹ́mọ̀rì rẹ̀, pátákó kékeré tí ẹ̀rọ fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ló dọ̀tí. Mo yọ ọ́, mo fi rọ́bà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́ nu eyín rẹ̀ tó ń wọnú ẹ̀rọ, mo tì í padà. Ó jí! Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọmọ yẹn kò ba nǹkan kan jẹ́. Kí n lè mọ̀ bóyá ó ń sọ̀rọ̀ jáde, mo ṣí ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ mi bà. Ọkùnrin kan tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ díẹ̀, mo pa á, torí pé ohun mímọ́ ni, kì í ṣe tèmi.

Ì bá ṣe pé mo gbé e fún wọn lójú ẹsẹ̀! Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ṣoore. Mo ní kí n ṣe ẹ̀dà ohùn náà fún wọn. Mo yọ dísíìkì rẹ̀, níbi tí gbogbo ohun tí a fi pa mọ́ ń gbé, mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísíìkì ilé ìwé kan tí mo fẹ́ nù mọ́, kí gbogbo ohun inú rẹ̀ pa rẹ́. Wọ́n jọra bí ìbejì. Òfin iṣẹ́ wa ni pé kí a kọ orúkọ sórí bébà, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ dísíìkì kí a tó yọ ọ́. Èmi ọ̀gá pátápátá, mo ní ojú mi ti mọ̀ wọ́n. Ìgbéraga, o ṣe mí! Ti bàbá ni mo nù. Mo nù ún mọ́ féfé, mo sì da iṣẹ́ tuntun ilé ìwé lé e lórí. Nígbà tí mo ṣí èkejì tí mo bá orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, mo sáré padà sí àkọ́kọ́, mo wá a títí, kò sí ohùn kankan níbẹ̀ mọ́.

Ìyá dé lọ́jọ́ kejì, òun àti ọmọ. "Ẹ̀ńjìníà, ṣé ó ti jí?" Mo ní, "Màmá, ó ti jóná nínú kí ẹ tó gbé e wá. Wáyà tí wọ́n fà yẹn ni." Kò sunkún. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "O ti sin bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kejì." Ó yíjú sí mi, ó gbàdúrà fún mi pé mo gbìyànjú. Mo ṣe àmín! Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: mo ṣe àmín.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ náà nìkan wá. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. "Bọ̀dá, àwọn ẹ̀gbọ́n mi kì í dá mi lóhùn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni mo pa ohùn bàbá mi? Tẹ́ ẹ bá ní èmi kọ́, màá gbà yín gbọ́." Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi gbayawu. Èmi ni mo tì í. Mo ní, "Má banú jẹ́ jù. O kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́sẹ̀ yẹn ló kúrò nílé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú lọ́dún kẹfà sí ìgbà náà, ẹnu géètì ilé wọn ni mo ti rí i tó dúró títí wọ́n fi sìnkú tán. Kò wọlé.

Igbe mẹ́ta yẹn kò fi mí sílẹ̀ látìgbà náà. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi níbí, ó ń ké: pí, pí, pí. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ọkàn mi ló ń kà. Mo mọ ohun tó ń kà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ kọ orúkọ olóhun sára ohun rẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí irọ́ ọjọ́ kan lè pẹ́ ju ẹni tó pa á lọ.

Àbíkẹ́yìn, mo ti ránṣẹ́ sí ọ, wọ́n ní o ń bọ̀. Bí n kò bá sí mọ́ kí o tó dé, kí wọ́n ka èyí tí wọ́n ń bá mi kọ sílẹ̀ sí ọ létí. Ìwọ kọ́. Èmi ni. Ohùn tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìre tìrẹ ló ń sú, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó gbọ́ ọ. N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Bàbá rẹ húkọ́, ó ní: "Àbíkẹ́yìn mi, ìwọ ni mo fi ṣáájú, kí n lè fi ìwọ̀nba ohùn tó kù súre fún ọ. Wọ́n á máa sọ pé ọwọ́ rẹ yá jù. Má dá wọn lóhùn. Ọwọ́ tó yá ló ń mú ọmọ kó tó ṣubú..."

Ibẹ̀ ni mo ti pa á. Ìyókù, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi, dárí jì mí.