Orin Mùíz Tí Sàlàkọ́ Fi Pamọ́

"Qonitah, jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá mi wọ sàréè."

Bí Sàlàkọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn nínú pálọ̀ Qonitah ní Ayọ̀bọ̀. Àìsàn ti fà á gbẹ. Dókítà ti ní kó máa lọ sinmi nílé. Ó gbé káséètì kan sórí tábìlì.

"Orin bàbá rẹ rèé. Kò sọnù rí. Irọ́ ni mo pa."

Iṣẹ́ Sàlàkọ́ ni kó máa bá èèyàn to sípíkà sínú ilé, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Mùíz, bàbá Qonitah, tó ń ta gìtá béèsì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Mùíz gba orin sílẹ̀, lọ́sẹ̀ tí wọ́n sọ Qonitah lórúkọ, ó sì yá Sàlàkọ́ ní káséètì náà. Òun ni Sàlàkọ́ wá fi ń mọ ibi tó yẹ kí sípíkà wà. Orin mìíràn máa ń tan èèyàn: sípíkà ìbáà há sí kọ̀rọ̀, béèsì á máa dún gììrì, wọ́n á ní ó dùn. Ti Mùíz kì í purọ́. Bí sípíkà bá sún mọ́ ògiri jù, béèsì á bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá wà níbi tó yẹ, wàá gbọ́ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí okùn, ohùn rẹ̀ á sì dá dúró bí ẹni pé ó wà nínú yàrá.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Mùíz kú. Mọ̀dínátù ìyàwó rẹ̀ wá bẹ Sàlàkọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní káséètì yẹn. Wọ́n pe orúkọ ọmọ yìí níparí orin náà." Sàlàkọ́ ní ó ti sọnù. Ì bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún un. Àmọ́ ó ń bẹ̀rù pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á rí i lò. Ojúkòkòrò pátápátá! Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mọ̀dínátù tún padà wá, irọ́ kan náà ló gbọ́, títí ó fi kú lọ́dún tó kọjá.

Pálọ̀ yìí gan-an ni èyí tó burú jù ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, Qonitah pè é kó wá bá òun to sípíkà tuntun. Orin mẹ́ta ló fi dán an wò, kò gún. Nígbà tí Qonitah wọ ilé ìdáná, ó rọra fi ti Mùíz sí i. Qonitah sáré jáde tòun ti ṣíbí lọ́wọ́.

"Bàbá, ta ló ń kọrin yẹn? Ó kàn ń fà mí lọ́kàn ṣá."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Bí orin ti fẹ́ dé ibi tí Mùíz ti pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pa.

"Ẹ jẹ́ kó parí jàre!"

"Ó ti tán."

Nígbà tó rò ó tán fún Qonitah, omi ń bọ́ lójú arúgbó náà. "Dáríjì mí, ọmọ mi. Ohun olóhun, ìgbà tí ẹni tó ń bèèrè rẹ̀ ṣì ń mí là á dá a padà."

Qonitah gbá káséètì náà mọ́ àyà. "Abájọ tó fi fà mí lọ́kàn lọ́jọ́ yẹn! Màmá mi máa ń kọ orin yìí fún mi. Wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, wọ́n á kàn máa hùn ún." Ó yíjú sí Sàlàkọ́. "Tèmi, màá gbìyànjú láti dárí ẹ̀ jì yín. Ti màmá mi, kò sí lọ́wọ́ mi."

Sàlàkọ́ di ògiri mú, ó fẹ́ máa lọ.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tẹ́ ẹ mọ bàbá mi. Báwo ni wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín?"