Èsì Tí Màmá Kọ Sí Ẹ̀gbẹ́ Ìwé

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ọdún méjì péré wà láàárín wa, ń bọ̀ láti Moniya kí n lè sọ fún un ohun tí màmá wa kọ sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó kú. N kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo pa á rẹ́, mo sì ti purọ́ fún un pé mo kà á.

Olùkọ́ ni màmá wa. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì sílé ní Bódìjà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn ayé wọn sórí kọ̀ǹpútà, orí kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì Word tirẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: kí ló dé tí wọ́n fi kó wa kúrò ní Àkúrẹ́ ní kékeré, tí wọn kò sì padà síbẹ̀ mọ́, àní nígbà tí bàbá wa kú níbẹ̀? Wọ́n ní àwọn máa kọ èsì rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pè mí, wọn a ní, "Ìwọ tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìgbà wo lo máa gbọ́ tèmi?" Màá rẹ́rìn-ín, màá ní, "Ẹ má bínú, Màmá, tó bá di ìparí ọ̀sẹ̀." Ìparí ọ̀sẹ̀ wo? Wọ́n kú kí n tó ṣí fáìlì kan.

Ikú wọn ló wá sọ mí di aláápọn. Mo fẹ́ kí gbogbo orí náà di ìwé kan. Èdè Java ni mo fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, mo sì mọ àkójọ kóòdù kan tí àwọn tó ṣe é fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, tó ń ṣí fáìlì Word, tó sì ń kà á. Mo ní kó kó gbogbo ìpínrọ̀ jáde, kó tò wọ́n pọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ kíá. Inú mi dùn. Mo pa àwọn fáìlì àtijọ́ rẹ́, mo nu inú kọ̀ǹpútà náà mọ́, mo sì fi ta ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́rẹ.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè. "Ṣé o rí èsì tí Màmá kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé?"

"Ẹ̀gbẹ́ ìwé kẹ̀?"

"Èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sínú àpótí kékeré tó máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé nínú Word. Wọ́n ní tìẹ ni, kí n má yọjú sí i. Àbí o ò tíì kà á ni, ọ̀lẹ?"

Ìgbà náà ló yé mi. Àárín ìwé nìkan ni mo ní kí kóòdù náà kà. Àṣẹ mìíràn la fi ń ka ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó ṣe é kọ ọ́ gbangba sínú àlàyé wọn, èmi ni n kò kà á. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìkánjú ni mo fi mú tèmi. Lẹ́yìn ìpè náà, mo padà gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe ní Mọ́kọ́lá. Wọn kò rí nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó pè yẹn, ìtìjú mú mi, mo ní, "Mo ti kà á."

Ó mí kanlẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Ọlọ́run ṣeun. Láti kékeré ni mo ti ń rò ó pé èmi ni mo fa ohun tó lé wa kúrò ní Àkúrẹ́. Má sọ ọ́ lórí fóònù. Màá wá."

Ẹ gbà mí o! Bí mo bá sọ pé Màmá kọ ọ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, mo ti fi ọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu. Bí mo bá sì jẹ́wọ́, kò sí ẹni tó kù láyé tó lè dá a lóhùn mọ́. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ òótọ́, kí ó máa ru ẹrù náà lọ, àbí kí n fi irọ́ kejì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún un?