Agolo Àǹtí Sẹ̀gilọlá Gba Ọ̀rẹ́ Mi Lọ́wọ́ Mi

Àǹtí Sẹ̀gilọlá, ẹ gbọ́ mi ná, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ ti ba ọ̀rẹ́ mi jẹ́! Akíndàmọ́lá tí ẹ ń wò yẹn, àwa méjèèjì la jọ ń so ẹja tó ti rà mọ́ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Ìkàtè, kí èrò máa fura síra wọn títí dé ọ̀nà márosẹ̀. Ní báyìí, mo ní ó yá, ó ní òun ń kàwé. Ẹni tó ń gbẹ̀yìn kíláàsì kí n tó fi ilé ìwé yín sílẹ̀!

Ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹ lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tíṣà, ẹ dé, ẹ ní àwọn tó ṣèwádìí ti rí i pé ká máa ké tẹ̀lé tíṣà lásán kì í pẹ́ lórí ẹni, ìbéèrè ló ń mú ẹ̀kọ́ dúró. Lẹ bá kọ orúkọ àwọn ọmọ sí ìwé pélébé, ẹ kó o sínú agolo mílíìkì. Ẹ ó béèrè, ẹ ó dákẹ́ kí gbogbo wọn ronú, kí ẹ tó fa orúkọ kan yọ. Tó bá dọjọ́ kẹta, ẹ ó tún bi wọ́n ní ọ̀kan náà.

Èmi wá bá ọ̀gá mi tí mo ń kọ́ṣẹ́ gíláàsì lọ́dọ̀ rẹ̀ pààrọ̀ gíláàsì fèrèsé yín, mo rí agolo. Ta ló máa rí agolo bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ò ní yún un? Mo kọ Akíndàmọ́lá sí ìwé méjìlá, mo jù ú sí i. Kó kàn làágùn fún ọ̀sẹ̀ kan ni mo fẹ́. Ṣé mo mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń bi léèrè lójoojúmọ́ ló máa ṣe ipò kejì ni?

Ó wá kó àìsàn yín wọ ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀. À ń fa àwọ̀n lọ́wọ́, ó ní, "Bólúwadúró, kí ló dé tí omi ọ̀sà níyọ̀ nígbà ẹ̀rùn, tí kò níyọ̀ nígbà òjò?" Ló bá dákẹ́, ó ń wò mí. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ìbéèrè kan náà! Mo sì dáhùn, Àǹtí. Mo ní omi òjò ló ń ti omi òkun padà. Ẹnu mi ló sọ ọ́, mi ò rán an níṣẹ́.

Kí lẹ wí? Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ kìíní? Ẹ dá ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ̀, ẹ wá fi àwọn ìwé náà sílẹ̀ nínú agolo? Háà. Ẹ̀yin gan-an lọ̀gá mi.

Ó dáa. Aláṣọ funfun ni ọ̀gá mi onígíláàsì, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ láàárọ̀ Ọjọ́rú, kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo lè máa wá. Bẹ́ǹṣì Akíndàmọ́lá sì gba èèyàn méjì. Ẹ fún mi ní bírò. Bólúwadúró, ìwé méjìlá. Rárá, mẹ́tàlá, ẹ ti kọ ọ̀kan fún un kí n tó fi méjìlá kún un, ọmọ yẹn ò ní fi ọ̀kan jù mí.