Ìkúnlẹ̀ Tí Kámẹ́rà Kò Rí

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn yẹn, mi ò gbọ́ ohùn yín o, ẹ gbé e ga! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí. Ojú mi ò tíì gbẹ tán, àmọ́ mo dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Fíkà wa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Ìyá tí ẹ bá mi gbàdúrà láìmọ ìdí ọ̀rọ̀ tán. Fíkà ti ní kí n má pẹ́. Ẹ forí jì mí sà, lọ́yà ni mí, wọn ò kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ṣókí.

Ọmọ Ute ni mí, ọkọ ló gbé mi wá sí Ọ̀wọ̀. Mò ń ṣe iṣẹ́ nótárì mọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Àwọn kan á ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìjọba fún mi ní èdìdì kan. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n máa lò lókè òkun, á wá síwájú mi, màá rí ojú rẹ̀, màá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, màá rí i bó ṣe fọwọ́ sí i, màá wá lu èdìdì mi lé e. Mo jẹ́rìí nìyẹn pé òun gan-an ni, ẹnikẹ́ni ò sì fipá mú un. Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí ni, bí mo ṣe ń jẹ́rìí fún yín yìí náà.

Ọ̀nà ló ba iṣẹ́ náà jẹ́. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà, gbogbo wa la jọ ń gbà á. Àwọn ará Elegbeka ò wá mọ́, àwọn ará Ute ò wá mọ́. Àwọn ará Idasen tí wọn ò tiẹ̀ jìnnà, wọ́n á ní kí oòrùn kọ́kọ́ là dáadáa ná. Ta ló fẹ́ torí èdìdì bọ́ sọ́wọ́ ajínigbé? Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé nótárì lè máa ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí. Oníbàárà á wà nílé rẹ̀, èmi á wà ní ọ́fíìsì mi, a ó máa wo ara wa lójú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tojú tohùn. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́, ó sì ní ìdánwò, kí wọ́n tó fún èèyàn ní ìwé-ẹ̀rí.

Ǹ bá má yọ ara mi lẹ́nu, bí kì í bá ṣe ti Bàbá Héèdì.

Bàbá Héèdì ni héèdímásítà wa ní Ute nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Òun ló kọ́ mi ní a, b, d. Òun náà ló lọ bá bàbá mi lóko pé ọmọbìnrin yìí ò gbọdọ̀ fi ìwé mọ sí pírámárì. Bí mo bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, orúnkún mi á ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé mo ní orúnkún. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa. Òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, Tèmítọ́pẹ́, ló kù nínú ilé. Ìyá ọmọ náà ni Mosún, ọmọ Bàbá, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe, ó wà ní Kánádà, ọmọ náà ṣì ń rá nígbà tó lọ. Nígbà tí ọ̀nà wá là tí ọmọ máa lọ bá ìyá rẹ̀, ẹ́ḿbásì ní kí Bàbá tó tọ́ ọ dàgbà fọwọ́ síwèé níwájú nótárì pé òun yọ̀ǹda. Wọ́n dá ọjọ́ fún wọn. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, gbogbo wàhálà yẹn wọmi nìyẹn. Ẹsẹ̀ ò gbé Bàbá dé Ọ̀wọ̀ mọ́, kò sí nótárì ní Ute, ọkọ mi sì ti búra pé mi ò ní gba ọ̀nà yẹn lọ. Ó ní bí wọ́n bá gbé mi, kí lòun fẹ́ tà? Ẹ̀yin náà mọ ọkọ mi, kò sírọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo bá forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ti kíkọ sílẹ̀, mo mu ún bí ẹní mumi. Ibi ìṣe ni wọ́n ti mú mi. Wọ́n á fi ẹnì kan síwájú kámẹ́rà ní Èkó bí ẹni pé oníbàárà ni, ẹ ó ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń ṣe é lóòótọ́, àwọn olùkọ́ á máa wò yín. Àfi bí bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun ṣe yọ sí mi! Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà," mo sì kúnlẹ̀. Ó tán. Kí n tó dìde, mo ti ń gbọ́ tí olùkọ́ ń pariwo pé, "Bárísítà dà? Bárísítà ti lọ o!" Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ jàre, èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó yá. Òfin wọn ni pé ojú nótárì ò gbọdọ̀ kúrò níwájú kámẹ́rà. Bí mo ṣe fèélì nìyẹn.

Nígbà tí mo padà lọ, mo di àga mú gírígírí, mi ò kúnlẹ̀. Ó wá ku orúkọ. Wọ́n ní kí n wo ojú oníbàárà dáadáa, kí n fi wé fọ́tò inú káàdì rẹ̀, kí n sì bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ dá a lóhùn. Ẹ̀yin ará, ta ló tọ́ yín pé kí ẹ máa wo àgbà lójú kòrókòró kí ẹ ní kí lorúkọ yín? Ojú mi lọ sílẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin náà lẹ wà nínú káàdì yìí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní mo ti fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Mo tún fèélì. Wọ́n wá ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún mi.

Ìgbà yẹn ni mo wá bá yín níbi àdúrà Ẹgbẹ́ Ìyá. Ojú ń tì mí láti sọ pé ìkúnlẹ̀ ló jẹ́ kí n fèélì, mo kàn ní ìdánwò ni. Ẹ dìde, ẹ gbàdúrà bí ẹni pé ọmọ yín ló ń kú lọ. Ẹ ṣeun, ẹ ò ní sunkún ọmọ. Mo délé, mo jókòó sí kíṣìnì, ojú mi bọ́ sára àpótí kékeré tí mo máa ń jókòó lé dáná. Háà! Ọlọ́run tóbi! Mo gbé kọ̀ǹpútà lé àpótí, mo tẹ́ ẹní síwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ojú mi wà nínú kámẹ́rà, orúnkún mi wà nílẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni ẹnu mi ti gbóyà. Mo wo bàbá onírùngbọ̀n yẹn lójú, mo ní kí lorúkọ yín sà, ó dáhùn, mo sì yege. Ìwé-ẹ̀rí mi dé kí ọjọ́ tí ẹ́ḿbásì dá tó kọjá. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún Jésù!

Ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kan Bàbá Héèdì, mo kúnlẹ̀ síwájú àpótí mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró digbí. Bàbá yọ, ó dé fìlà, ó wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ nígbà tó ṣì ń ṣe héèdì. Ó ti ní kí Tèmítọ́pẹ́ lọ sílé aládùúgbò, torí òfin ni pé kí òun nìkan wà nínú yàrá. Inú rẹ̀ dùn, ó ń pè mí ní lọ́yà òun. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lorúkọ yín?" Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń bá òun ṣeré. Mo tún bi í. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Folúkẹ́, ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ tìẹ?"

Ó wá bọ́ sí èdè Ute pátápátá. Mi ò lè sọ ohun tó sọ nínú ilé Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà, ó pa fóònù.

Mosún pè mí láti Kánádà, ó ń sunkún, ó ní ṣé mi ò mọ bàbá òun ni, kí n kàn lu èdìdì. Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi lọ! Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tó jẹ́rìí ohun tí etí rẹ̀ ò gbọ́, ẹlẹ́rìí èké ni, ìwé náà ì bá sì bà jẹ́ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo kàn bẹ̀rẹ̀ àdúrà ni. Mo ní Olúwa, ẹ bá mi rọ Bàbá lọ́kàn. Mi ò tíì ṣe àmín tí kọ̀ǹpútà fi dún. Bàbá ló tún pè.

Ó pe orúkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀, bó ṣe máa ń pe orúkọ wa nínú rẹ́jísítà ní kíláàsì. Mi ò ní dá orúkọ náà níhìn-ín. Bí mo ṣe bi í lọ́jọ́ náà ti tó mi. Mo wá bi í bóyá ẹnì kan ló fipá mú un kó yọ̀ǹda ọmọ. Ó wo ilẹ̀kùn tí ọmọ gbà jáde. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ọmọ ń fẹ́ ìyá rẹ̀." Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ nìkan ló ń dun Bàbá. Ó fọwọ́ sí i. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ó dáa, Folúkẹ́. Ìwọ jókòó, èmi náà jókòó. Gbogbo wa ti dọ́gba."

Ẹ̀yin ará mi! Orúnkún mi ti kú lórí ẹní! Mo fẹ́ pariwo pé Bàbá, mi ò jókòó o, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣì ń gba ohùn, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa pé ọ̀rọ̀ ilé ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Mo ní kí n fi sílẹ̀ ná, bí ọ̀nà bá dára lẹ́yìn Àjíǹde, màá dé Ute, màá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé rẹ̀, a ó sì fi rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ ṣeun sà. Ó pa fóònù.

Tèmítọ́pẹ́ lọ. Púpọ̀ nínú yín ti rí fídíò tí ìyá rẹ̀ ti dì mọ́ ọn ní pápákọ̀ òfuurufú. Ògo ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Àjíǹde ò tíì dé tí wọ́n fi pè mí pé Bàbá sùn, kò jí mọ́. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló sìn mí lọ sí Ute lọ́jọ́ ìsìnkú, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ta ni pósí ń rí?

Mo ti wo fídíò ọjọ́ tí Bàbá fọwọ́ síwèé, ó ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Bẹ́ ẹ bá wò ó, obìnrin kan lẹ máa rí, láti ọrùn lọ sókè, tó ń bi àgbà ní orúkọ rẹ̀ bí ọlọ́pàá. Èmi gan-an ò ní gbà pé ó kúnlẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé ẹlẹ́rìí niṣẹ́ mi, mi ò ní ẹlẹ́rìí. Ó dùn mí, ẹ̀yin ará. Ó dùn mí wọra.

Ìdí tí mo fi jáde nìyí. Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run kó ìtìjú mi nílẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ọmọ rí ìyá rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣe ohun tí mi ò lè fi han Bàbá lọ́jọ́ náà. Níbi tí Bàbá wà, kò tún nílò fóònù láti rí mi.

Bọ̀dá, ẹ fi máìkì yẹn sílẹ̀ lókè, ẹ má gbé e sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé mi. Bí wọn ò gbọ́ mi lẹ́yìn, kò burú. Ẹ̀yin tí ẹ lójú, ẹ wò mí. Ṣé ẹ rí orúnkún mi nílẹ̀? Ẹ bá mi jẹ́rìí.

Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà.