Báàjì Funfun Tó Wà Láyà Àbúrò Mi

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́ àbúrò mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Ìjáwọ́ tẹ́ ẹ tò sídìí ògiri yẹn, mo rí yín o. Wọ́n ní kí n wá dágbére fún un torí èmi lẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Wọ́n tún ní kí n fọwọ́ wọ́nú. Mi ò ní fọwọ́ wọ́nú! Inú ń bí mi. Ẹnì kan wà nínú yàrá yìí tó gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó ti pósí yìí, torí bí kò bá jáde, òun la tún máa wá jókòó tì báyìí láìpẹ́.

Bàbá Ilẹ̀kùn lẹ ń pe àbúrò mi. Òótọ́ ni. Bó bá ṣe ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ni. Alágídí ọmọ! Onílé kan sọ fún un pé, “Ó ti dáa báyẹn, ṣebí ó ń tì.” Ó ní, “Kò tì o, bàbá. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fi èjìká tì í.” Ló bá tú u palẹ̀, ó tún un ṣe látòkèdélẹ̀. Ìyá àgbà tó múlé tì í, tí olè fọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀, kí ìyá náà tó bọ́jú tán láàárọ̀, àbúrò mi ti gbé ilẹ̀kùn tuntun dé, ó ti fi kọ́. Ẹni tó lọ nìyẹn o.

Ẹ̀yìn ló dá a lóró. Ó ń já pákó lórí ọkọ̀ ẹrù, ó ṣubú, pákó wó lé e. Dókítà fún un ní oògùn ìrora. Ẹyọ kan di méjì, méjì di ẹ̀kúnwọ́, oògùn wá di ọ̀gá ẹ̀. Nígbà tí dókítà ò fún un mọ́, ó ń rà á ní kọ̀rọ̀. Ìyàwó ẹ̀ kó ẹrù jáde, ó tún kó o wọlé. A sunkún títí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn lọ sílé ìwòsàn, ó ní, “Ẹ gbà mí.” Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn ló fún un ní oògùn mìíràn, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n láràárọ̀, tó ń pa òùngbẹ ti àkọ́kọ́.

Oògùn yẹn, bó bá ti wọ abẹ́ ahọ́n, èèyàn ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ àfi tó bá yọ́ tán. Ẹ rò ó wò ná: ọmọ tá a kọ́ nílé, a kí i láàárọ̀, kò dáhùn! Ìyá wa tó jókòó yìí bi í pé, “Ṣé o ń bá mi yodì ni?” Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń fìka tọ́ka sẹ́nu. Ìyá wa ní, “Eyín ló ń dùn ọ́?” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ara ẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń bá ọmọ ẹ̀ ṣeré. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ńlá tó ń la pákó.

Níbi iṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n kí i lẹ́nu géètì, kò dáhùn, wọ́n ní ó ń gbéra ga. Ìgbà tí wọ́n wá mọ ohun tó wà lẹ́nu ẹ̀, ó burú ju tàkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ó ń lá súìtì. “Alásúìtì, o ò ní fún wa lá?” Ni wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ọ̀gá iṣẹ́, ẹ má wolẹ̀, ẹ̀yin náà pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹni tó ń lá súìtì ò lè dúró nídìí ẹ̀rọ, ẹ ki ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ ní kó máa gbá èérún pákó títí tó bá fi jáwọ́. Ṣé ó ti tòògbé nídìí ẹ̀rọ rí? Ṣé ó ti ba pákó yín jẹ́ rí? Ẹ dá mi lóhùn!

Ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Ìjáwọ́, tiyín ló dùn mí jù, torí oògùn tó di ọ̀gá ẹ̀ ti di ọ̀gá ẹ̀yin náà rí, kẹ́ ẹ lè jáwọ́ nínú ẹ̀ lẹ ṣe kóra jọ. Nínú ìpàdé yín, ẹni tó ń lo oògùn ilé ìwòsàn ò gbọ́dọ̀ dìde sọ̀rọ̀. Kó máa gbọ́ ni. Ẹlẹ́sẹ̀ kan lẹ̀ ń pè é, pé ẹsẹ̀ kan wà nílé, ẹsẹ̀ kan wà níta. Ẹ ní ṣe ló kàn gbé ẹrù láti èjìká ọ̀tún sí tòsì. Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ dókítà? À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú! Ẹni tí kò lo nǹkan kan rárá nìkan lẹ̀ ń fún ní báàjì funfun, òun nìkan lẹ̀ ń pè ní ẹni tó mọ́. Ta wá ni ìdọ̀tí? Àbúrò mi?

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Orí àbúrò mi ni tiyín fọ́ sí. Ó da oògùn ẹ̀ nù. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ pé, “Má ṣe bẹ́ẹ̀ o, díẹ̀díẹ̀ la máa ń fi í sílẹ̀.” Kò gbọ́, agídí ẹ̀ náà ló bá dé. Ẹ so báàjì mọ́ ọn láyà, ẹ pàtẹ́wọ́. Ó jó wọlé wá bá mi! Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti mọ́.” Oṣù ò tíì parí tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí òùngbẹ àtijọ́ dé. Ó tún lọ ra oògùn ìrora ní kọ̀rọ̀, ìwọ̀n tó máa ń lò tẹ́lẹ̀ ló lò. Ara tó ti gbàgbé ẹrù yẹn ò lè rù ú mọ́. Ó ti ara ẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ń pè é, kò dáhùn. Ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ni. Àwọn ọkùnrin àdúgbò fi èjìká lù ú lù ú, kò ṣí. Kó tó ṣí, ọmọ ìyá mi ti tutù.

Ẹ wá wọlé síbí, ẹ ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló yọ̀.” Ó yọ̀? Ṣé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló tẹ̀ ni? Ẹ̀yin lẹ da omi síbi tó ń gbà! Ẹ ò tún jẹ́ kó sinmi, ẹ so báàjì yín mọ́ aṣọ tá a fẹ́ fi sin ín. Mo ti bi ìyàwó wa, ó ní bó bá ṣe rí lójú mi ni kí n ṣe é. Ẹ wò ó. Mo ti yọ ọ́. Ẹ gba nǹkan yín.

Ó wá kan ìwọ, ìwọ tó ò ń kun ilẹ̀kùn lọ́dà níbi iṣẹ́ wọn, tó o fara ti fèrèsé yẹn. O pè mí sẹ́yìnkùlé láàárọ̀ yìí, o ní láti Mọ́ńdè lo ti fi oògùn abẹ́ ahọ́n tìẹ sílẹ̀, torí wọ́n fẹ́ fún ọ ní báàjì ní Sọ́ńdè. Mo ní ṣé kí n sọ ọ́, o ní kí n sọ ọ́, pé ìwọ ò lè sọ ọ́. Ó dáa, mo ti sọ ọ́. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Nọ́ọ̀sì ló dúró yẹn. Máa lọ bá a. Mi ò bẹ̀ ọ́ o, mò ń pàṣẹ fún ọ ni.

Ẹ yà fún un. Ọ̀gá iṣẹ́, ẹ kó ẹsẹ̀ yín kúrò lọ́nà. Ẹni tó bá pè é ní alásúìtì bó ṣe ń kọjá, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa wọ sàréè lọ́la! Máa lọ, má wẹ̀yìn. Kò sóhun tó ń tini lójú níbẹ̀.

Ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti dì í lọ́wọ́ mú. Wọ́n ti jáde.

Ọmọ ìyá mi, alágídí mi, mi ò jẹ́ kí wọ́n ti pósí yìí látàárọ̀ torí ó ku ẹnì kan tá a ṣì lè gbà là. A ti rí i gbà là. Wọ́n lè ti pósí wàyí. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ọ. Ó dìgbóṣe, àbúrò mi. Òun ti ń lọ, ìwọ náà máa lọ re.