Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Àwọn Ará Etí Ọ̀sà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ìyàwó mi pàápàá ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo rò pé mo lè gbé e mì, ṣùgbọ́n àwọn tí mo ṣẹ̀ ní kí n wá ṣe agbẹnusọ fún àwọn lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mò ń wà ní Bàrígà. Etí ọ̀sà ni mò ń gbé èrò lọ, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Nígbà tí epo wọ́n, gbogbo ohun tí mo bá pa ló ń padà sínú epo.

Ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ kan kó kẹ̀kẹ́ tó ń lo bátìrì dé. Kì í mu epo rárá, owó ọkọ̀ rẹ̀ ò sì tó tiwa. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní bí ìwọ̀nyí bá wọ ọ̀nà etí ọ̀sà, kí ni àwọn ọmọ mi á jẹ?

Ọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ náà wá bá mi. Ó béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ àwọn lè máa ná ọ̀nà yẹn.

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ má dán an wò. Olè pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á tú bátìrì yín tà.”

Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ gbuu ni. Ẹnikẹ́ni ò mú nǹkan mi rí níbẹ̀.

Ó gbà mí gbọ́. Kẹ̀kẹ́ wọn ń ná ọ̀nà Pedro, ó ń ná Fọlá Àgòrò, ṣùgbọ́n kì í dé etí ọ̀sà. Àwa oníkẹ̀kẹ́ epo nìkan ló kù fún àwọn ará ibẹ̀. A sì ń fi owó lé owó ọkọ̀. Èmi náà fi lé e.

Ìyá Ṣẹ́gun tó ń yan ẹja ní etí ọ̀sà ò rí owó ọkọ̀ san mọ́. Ìyá yìí ló gbé ìyàwó mi lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tó ń rọbí àkọ́bí wa, tí mi ò sí nílé. Wọ́n wá ń fẹsẹ̀ rìn, tàwọn ti agbọ̀n ẹja lórí. Mo máa ń wa kẹ̀kẹ́ kọjá lára wọn. Wọ́n máa ń kí mi.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n yọ̀ ṣubú sínú gọ́tà. Egungun ìbàdí wọn kán. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn ò lè dìde.

Mo lọ kí wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Bàbá Káfáyà, ọmọ mi, kí la ṣe fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ bátìrì yìí tí wọn ò fi ka àwa sí èèyàn?”

Mo ní, “Ọlọ́run á wò yín sàn.”

Àdúgbò ti bẹ ilé-iṣẹ́ náà títí, wọ́n ti gbà láti wá ṣèpàdé lọ́jọ́ Sátidé náà. Ìyá Ṣẹ́gun ló ní èmi ni kí wọ́n fi síwájú, torí pé mo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọkùnrin tí mo parọ́ fún yẹn gan-an ló ń bọ̀. Bí mo bá lọ, á dá mi mọ̀. Bí mi ò bá lọ, á ṣì sọ pé awakọ̀ kan ló ní olè ni àwọn ará etí ọ̀sà, wọ́n á sì wádìí ẹni náà. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ lè dáná sun kẹ̀kẹ́ mi.

Ìyàwó mi ti lọ aṣọ tí màá wọ̀. Mi ò lè wo aṣọ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn bú mi. Ṣé kí n lọ jẹ́wọ́ fún ìyá náà kí Sátidé tó dé? Kí ni èèyàn ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó kán ní ìbàdí nítorí tirẹ̀, tó sì tún ń pè é ní ọmọ?